Onílé, Ayálégbé, àti Iye Ọjọ́ tí Òfin Fi Sáàárín Wọn

Ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Èkó, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó ṣáájú, tí a sì ti gba owó ẹgbẹ́, ọmọ ìlú wa kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aránṣọ dìde ní ẹ̀yìn, ó sì bẹ ìjókòó pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò. Ó ti jẹ onílé rẹ̀ ní owó ilé oṣù mẹ́ta. Ìwé náà sì sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ méje onílé yóò lọ sí kóòtù láti gba yàrá rẹ̀ padà. Kì í ṣe ìmọ̀ràn ni ọkùnrin yìí wá gbà. Owó ni ó wá yá, nítorí pé alẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ gan-an ni ó ti kó ẹrù jáde nítorí ìtìjú. Ó ti fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá sílé, òun fúnra rẹ̀ sì ń sùn lórí tábìlì tí ó fi ń gé aṣọ nínú ìsọ̀ rẹ̀.

Bàbá kan wà láàárín wa tí ó ṣe akọ̀wé kóòtù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gba ìwé náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé kejì nìyí. Ti àkọ́kọ́ dà?" Aránṣọ náà dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá, èyí nìkan ni wọ́n fún mi. N kò mọ̀ pé méjì ni í ṣe." Kẹ́kẹ́ pa nínú ìpàdé. A wo ojú ara wa, a sì rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni kò mọ̀. Àwa tí a pe ara wa ní olùkọ́, tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Mungo Park àti ti àwọn ará Lander, a kò lè sọ ìtàn ìwé méjì tí ó lè sọ ọmọ ìlú wa di aláìnílé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ìtàn náà kiri, tí a sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti ní òkè òkun, ní ìwọ̀n bí òye wa ti mọ.

Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn baba wa kò mọ owó ilé. Àlejò tí ó bá wọ ìlú yóò wá ẹni tí yóò gbà á. Baálé agbo ilé yóò fún un ní yàrá kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa bá wọn jẹ, yóò máa bá wọn ṣe iṣẹ́ oko àti òrùlé, bí ó bá sì pẹ́, wọn yóò fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi kọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń ka oṣù. Kì í ṣe pé wọn kì í lé àlejò. Wọ́n ń lé olè, wọ́n ń lé ẹni tí ó bá da agbo ilé rú. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé wọ́n lé ẹnikẹ́ni nítorí pé kò rí owó san, nítorí pé owó kọ́ ni ó gbé e wọlé.

Ohun tí ó jọ owó ilé jù lọ ni ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ìdílé onílẹ̀ yóò máa gbé iṣu wá ní ọdọọdún, tàbí epo, tàbí ẹran ìgbẹ́; nígbà tí kòkó dé, ó di owó. Kì í ṣe iye ohun tí ó gbé wá ni ó ṣe pàtàkì bí kò ṣe pé ó gbé e wá, nítorí pé ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣì mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí ọdún kan bá ṣòro, tí kò rí nǹkan gbé wá, wọn kò torí èyí gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí ó sọ pé òun ni òun ni ilẹ̀, tàbí kí ó tà á fún ẹlòmíràn. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í dé kóòtù àwọn òyìnbó, àwọn adájọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ púpọ̀ pé bí àgbàtọ́ tilẹ̀ ṣẹ̀ báyìí, onílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé e. Kóòtù ni yóò sọ bóyá ó pàdánù ilẹ̀ tàbí kò pàdánù rẹ̀, kóòtù sì lè dárí jì í, kí ó ní kí ó san ohun ìtánràn kí ó sì máa gbé ibẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí a ó tún bá pàdé níwájú nìyí.

Èkó ni owó ilé ti kọ́kọ́ di nǹkan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 6 August 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn gómìnà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀, ilẹ̀ sì di ohun tí a lè tà, tí a sì lè fi dúró gba owó. Àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone bọ̀ àti àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba bọ̀ wà lára àwọn tí ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà ni ó kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà tí àwọn àgbà wa máa ń ròyìn rẹ̀. Ní 1876 ìjọba dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì sọ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà ní 24 July 1874 ni kí a máa lò níbẹ̀, àti pé kí a máa tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀ níbi tí kò bá ti ta ko ìwà tí ó tọ́. Báyìí ni òfin onílé àti ayálégbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa, tòun ti kíka oṣù.

Nígbà tí rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ọ̀dọ́ láti inú ìlú bíi tiwa gba ojú irin lọ. Wọn kò ní bàbá ìsàlẹ̀ ní Èkó, wọn kò sì ní agbo ilé. Akọ̀wé kékeré, lébìrà, alágbàfọ̀, aránṣọ, gbogbo wọn wá yàrá kan gbà, oṣù oṣù ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀ nítorí pé oṣù oṣù ni owó iṣẹ́ ń wọlé. Níbi tí ilé ti pọ̀ lórí ara wọn báyìí ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, tí ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Àrùn yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, kí wọ́n lè tún Èkó ṣe.

Kí ni onílé ń ṣe ní ayé ìgbà náà bí ayálégbé kò bá san owó? Àwọn àgbà tí a bi léèrè kò ní láti ronú kí wọ́n tó dáhùn. Onílé yóò yọ ilẹ̀kùn. Yóò ṣí páànù orí yàrá náà ní àkókò òjò. Yóò fi àgádágodo tirẹ̀ lé ti ayálégbé, tàbí kí ó ko ẹrù rẹ̀ sí ojú títì kí ó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà sọ fún wa pé ohun tí ó dùn òun jù lọ nígbà tí wọ́n ṣe é fún bàbá òun kì í ṣe ẹní tí òjò bà jẹ́, bí kò ṣe àwòrán ìgbéyàwó tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ń kọjá.

Ogun Hitler ni ó mú ìyípadà wá. Ọmọ ogun pọ̀ ní Èkó, iṣẹ́ pọ̀, ènìyàn ń ya wọ ìlú, ilé kò sì pọ̀ sí i. Oúnjẹ wọ́n, aṣọ wọ́n, owó ilé ń gòkè. Ní June 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè gùn lé ìyanṣẹ́lódì ńlá nítorí owó àfikún ìgbésí ayé tí ó wọ́n, èyí tí gbogbo wa gbọ́ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Michael Imoudu. Nínú ọdún kan náà, 1945, ni ìjọba ṣe òfin kan tí àwọn ènìyàn kò kọrin nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kà sí ọ̀kan nínú àwọn òfin tí ó kan ọmọ Yorùbá tí ó kúrò nílé jù lọ. Recovery of Premises Ordinance ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni òfin nípa bí onílé yóò ṣe gba ilé rẹ̀ padà.

Òfin yìí ni ó bí ìwé méjì tí a sọ níṣàájú. Ìwé àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kúìtì: onílé sọ fún ayálégbé pé àdéhùn wọn yóò parí ní ọjọ́ báyìí. Iye ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ inú rere onílé tàbí ìbínú rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń san owó ni ó ń sọ ọ́. Ẹni tí ó ń san ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ń san ní oṣooṣù, oṣù kan. Ẹni tí ó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ó ń san ní ọdọọdún, ìdajì ọdún. Báyìí ni ó rí àyàfi bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò sí iye ọjọ́ mìíràn. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí ayálégbé kò jáde, onílé kò tíì ní agbára láti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni yóò wá kọ ìwé kejì, ti ọjọ́ méje, tí yóò fi sọ fún un pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Ìwé kejì yìí ni ó dé ọwọ́ aránṣọ wa. Ó rò pé ọjọ́ méje ni òun ní láti fi kó jáde. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ méje, onílé lè lọ fẹjọ́ sùn. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kò kéré o.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje náà ni ìwé ìpẹ̀jọ́ yóò dé láti kóòtù. Ayálégbé yóò lọ síwájú adájọ́, yóò sọ tẹnu rẹ̀: bóyá ó ti san díẹ̀, bóyá ó ní rìsíìtì, bóyá òjò ń wọ yàrá tí onílé kò sì tún un ṣe. Adájọ́ yóò dá ẹjọ́. Bí ó bá dá a fún onílé, ó lè fún ayálégbé ní ọjọ́ tí yóò fi wá ibòmíràn. Bí ọjọ́ yẹn náà bá kọjá, akódà kóòtù ni yóò wá kó ẹrù jáde pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́, kì í ṣe onílé, kì í ṣe àwọn ọmọ onílé, kì í sì í ṣe àwọn jàǹdùkú àdúgbò. Òfin náà sì fẹ̀ ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ẹni tí ó pè ní ayálégbé ni ẹnikẹ́ni tí ó wọ ilé lọ́nà ẹ̀tọ́ tí ó sì ń gbé ibẹ̀, ì báà máa san owó, ì báà má san. Gbèsè kò yọ ènìyàn kúrò lábẹ́ òfin yìí. Onígbèsè jẹ gbèsè rẹ̀, yóò sì san án, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ọjọ́ tirẹ̀.

Bàbá akọ̀wé kóòtù sọ fún wa pé ẹjọ́ onílé tí òun rí kí adájọ́ dà nù nítorí iye ọjọ́ pọ̀ ju èyí tí òun rí kí ó dà nù nítorí owó lọ. Onílé a kọ ìwé oṣù kan ní ọjọ́ kẹwàá oṣù, yóò fi parí sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, nígbà tí àdéhùn wọn jẹ́ láti ọjọ́ kìíní dé ìparí oṣù. Wọn yóò ní kí ó padà lọ kọ òmíràn. Àwọn onílé a máa bínú, wọn a ní ẹ̀tàn lọ́yà ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a rò ó síwájú, a rí i pé ẹni tí ó ń gba owó oṣooṣù kò lè kọ oṣù sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wù ú.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni àwọn ọmọ ìlú wa ti pàdé ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó lọ kàwé ní London ní ọdún 1950 síwájú sọ fún wa nípa ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó bá rí yàrá gbà ní apá Notting Hill tàbí Paddington, ó lè jẹ́ lọ́wọ́ irú onílé bíi Perec Rachman tí ó ti rí i. Ní 1957 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó sọ pé ìwé kúìtì kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó sọ pé bí ayálégbé àtijọ́ bá ti jáde, onílé lè gbé owó ilé sí iye tí ó bá wù ú. Nítorí náà lílé ènìyàn jáde di òwò. Rachman kú ní 1962. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ìwé ìròyìn tú àṣírí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é. Ní 1964 ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá lílé ayálégbé láìgba àṣẹ kóòtù dúró, òfin 1965 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ó sì sọ dídààmú ayálégbé di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ gbé onílé lọ sí kóòtù. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Ohun tí òfin 1945 ti sọ ní Èkó, pé kóòtù nìkan ni ó lè lé ayálégbé, ogún ọdún kọjá kí ó tó fìdí múlẹ̀ fún gbogbo àwọn ayálégbé London. A kò fi èyí yangàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n rò pé gbogbo ohun rere ti òkè òkun wá mọ̀ ọ́n. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní England nísinsìnyí, òfin tuntun tí a fi ọwọ́ sí ní October 2025, tí a sì dá 1 May 2026 fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fi òpin sí lílé ayálégbé láìsọ ìdí, ó sì gbé gbèsè tí adájọ́ kò fi ní lè ṣe àánú mọ́ láti owó ilé oṣù méjì sí ti oṣù mẹ́ta, àti ìwé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Kí a padà sílé. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Èkó tí wọ́n ní kò bójú mu, tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Surulere. Àwọn oníṣòwò tí oníbàárà wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ráhùn gidigidi, Peter Marris sì kọ ìwé nípa wọn ní 1961. Ní 1976, nígbà tí owó epo ti mú kí owó ilé fò sókè, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó dá iye owó yàrá sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé gba ohun tí òfin sọ sórí rìsíìtì, wọ́n sì gba ìyókù lábẹ́ tábìlì. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa òfin yẹn.

Ohun tí ó tọ́ kí a dúró lé lórí ni àwọn ẹjọ́ tí ó dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ní 1982, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín ilé-iṣẹ́ Pan Asian African Company àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìjọba tí a ń pè ní NICON, àwọn adájọ́ àgbà sọ ọ́ kedere pé onílé tí ó bá fẹ́ gba ilé rẹ̀, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni kí ó gbà. Ní 1986 ni ti Ojukwu àti ìjọba Èkó. Wọ́n ń du ilé kan ní Ìkòyí. Ẹjọ́ wà ní kóòtù, ìjọba ológun kò dúró, wọ́n fi agbára lé e jáde. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé. Wọn kò dá a padà, wọ́n sáré lọ bẹ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ pé kí ó dá àṣẹ náà dúró. Àwọn adájọ́ náà kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún àṣẹ kóòtù kò lè wá tọrọ ojú rere lọ́wọ́ kóòtù. Ojukwu kì í ṣe ayálégbé onígbèsè, ọ̀rọ̀ ilé náà sì yàtọ̀ sí ti aránṣọ wa. Síbẹ̀, ìlànà tí ó gbè é ni ó gbe aránṣọ náà: bí ìjọba tí ó ní ìbọn kò bá gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ènìyàn jáde, onílé tí ó ní àgádágodo kò gbọdọ̀ ṣe é.

A kò sọ pé wọ́n pa á mọ́. Ní July 1990 ni ìjọba ológun ìpínlẹ̀ kan náà kéde fún àwọn ará Mároko pé kí wọ́n kó jáde láàárín ọjọ́ méje, ní 14 July ni katakata sì wọlé. Àwọn tí a kà sí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó pàdánù ibùgbé. Nínú wọn ni àwọn tí ó ti san owó ilé wọn sílẹ̀ wà. Àwọn méjì nínú àwọn ọmọ ìlú wa gbé ibẹ̀. Ilé ni wọ́n padà sí, wọn kò sì tún lọ sí Èkó mọ́.

Ní August 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola fi ọwọ́ sí òfin ayálégbé tuntun ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Oṣù kan fún olóṣooṣù wà níbẹ̀ síbẹ̀, oṣù mẹ́ta fún ẹni tí ó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́fà fún ọlọ́dọọdún, àti ìwé ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó mọ bí wọ́n ti pa ìyẹn mọ́ sí. Ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìtánràn àti ẹ̀wọ̀n láti fi ipá lé ayálégbé. Òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta má fi ti Èkó jiyàn. Ní 2025 pàápàá, àbá òfin mìíràn ti dé iwájú àwọn aṣòfin Èkó.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú òfin 2011 tí ó jẹ́ tuntun pátápátá, onílé ni ó sì ṣe é fún. Bí olóṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn ilé náà ti kú fúnra rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń san ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà bá jẹ gbèsè ọdún kan, bákan náà. Bí onílé bá ti fi ẹ̀rí gbèsè náà hàn, kóòtù yóò pàṣẹ pé kí wọ́n dá ilé rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Síbẹ̀ náà, kóòtù ni.

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa ọmọ ìlú yìí kì í ṣe ayálégbé nìkan. Púpọ̀ nínú wa ti kọ́ ilé, àwọn mìíràn sì wà tí owó yàrá méjì nìkan ni wọ́n fi ń jẹun lọ́jọ́ ogbó. Ìyá àgbà kan wà, opó, ọmọ ìlú wa ní Agége. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni ó fi owó gàrí kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin. Ayálégbé rẹ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ìwé dáadáa, kò san owó fún oṣù mẹ́rìnlá. Bí ìyá náà bá bi í, yóò ní kí ó lọ kọ kúìtì. Ó kọ ọ́, ọjọ́ rẹ̀ kò pé. Ó tún un kọ, ayálégbé ní òun kò rí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá náà wá láti oko, ó ní òun yóò ṣí páànù orí yàrá náà lóru. Ní tòótọ́, nígbà tí a gbọ́ ohun tí ojú ìyá náà rí, inú wa kò fi bẹ́ẹ̀ lòdì sí ọmọ náà. Òfin tí ó fún aláìní ní ọjọ́ ni alárèékérekè fi ń ṣeré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún yín pé onílé nìkan ni ó ń ṣe ibi kò tíì ní ilé.

Bàbá akọ̀wé kóòtù ni ó dá ọmọ náà lẹ́kun. Ó bi ìyá náà pé oṣù mélòó ni gbèsè náà. Nígbà tí ó gbọ́ pé mẹ́rìnlá ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá náà kò mọ̀ pé láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni òfin ti tú àdéhùn náà fún un. Wọ́n gbé ìwé tí ìyá náà fi ń kọ owó ilé sílẹ̀ lọ sí kóòtù, èyí tí ó kọ pẹ̀lú ìlà àti àmì nítorí pé kò kàwé, adájọ́ sì gbà á. Ó gba yàrá rẹ̀ padà. Owó náà kò tíì wọlé tán títí di ìsinsìnyí.

Ní ti aránṣọ wa, Bàbá bá a kọ̀wé sí onílé rẹ̀ pé ìwé àkọ́kọ́ kò sí. Onílé náà kò jiyàn; ó ní òun kò lé e, òun fúnra rẹ̀ ni ó kó jáde, ẹlòmíràn sì ti wọ yàrá náà. Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́jọ ni ìyàwó rẹ̀ fi wà nílé kí ó tó rí yàrá mìíràn gbà, ọmọ rẹ̀ àgbà sì fi sáà méjì jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín, ní ìjókòó iwájú, nínú kíláàsì tí a ń kọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀ka Èkó ti ń tọ́jú àdàkọ ìwé méjèèjì, ti kúìtì àti ti ọjọ́ méje, sínú fáìlì ẹgbẹ́, pẹ̀lú àlàyé tí Bàbá kọ sí ẹ̀yìn wọn ní èdè Yorùbá. Ọwọ́ akọ̀wé ẹ̀ka ni fáìlì náà wà. Ọmọ ìlú èyíkéyìí, onílé tàbí ayálégbé, lè béèrè fún un ní ọjọ́ ìpàdé, kí ó kà á níbẹ̀, láìsan kọ́bọ̀.